Onísùúrù Inú Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Wa

Igbe ìyàwó kékeré ilé wa ló lé gbogbo obìnrin kúrò nídìí ìkòkò òrí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin àkọ́bí rẹ̀ ni. Ó ń yí nínú erùpẹ̀, ó ń pariwo pé òun náà fẹ́ kú. Ìyá àgbà mi fi ọwọ́ tí òrí kùn dì í mú. Òrí tí a fi sílẹ̀ jóná, èéfín rẹ̀ gba gbogbo ilé.

Bàbá kan tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí ọrùn agbádá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa dìde wá. "Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀ o," ló wí. "Ẹ máa bá a sùn, ẹ máa bá a jí." Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe.

Ta ló wá ń ṣọ́ bàbá náà alára? Ìlọrin ni wọ́n ti bí i. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti gba Kùmásí lọ, wọn ò yojú mọ́. Kì í dárí ji ara rẹ̀ rárá: bí ojú rírán kan bá wọ́, á tú gbogbo ọrùn ẹ̀wù. Lọ́dún yẹn ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Mo rí i tó ń wá ojú abẹ́rẹ́ títí, òwú ò wọlé.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n bá yín ki òwú bọ̀ ọ́."

"Fi sílẹ̀, ọmọ mi." Ó rẹ́rìn-ín.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá láàárọ̀ gbọ́dọ̀ bi í bó ṣe sùn: "Bàbá, ìná kwánà? Ṣé ara le?" Á ní àlàáfíà ni: "Láfíyà lau, a dúpẹ́." Ní Sóńgò wa, àdúgbò àwọn àlejò ní Tàmálè, ìdáhùn kan náà ni gbogbo wa ní. Ẹni tó bá ní ara òun ò le, bí aláìmoore sí Ọlọ́run ló rí. Nítorí náà, a ó ti kọjá kó tó dáhùn tán.

Nígbà tí wọ́n ń wú ẹ̀pà lóko Gurugu, bàbá náà gbẹ̀mí ara rẹ̀.

Àwọn ọkùnrin dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Onísùúrù èèyàn! Kò ráhùn rí."

Ìyá àgbà jágbe mọ́ wọn: "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́! Bí àwa obìnrin bá ké, a ń sáré sí ara wa. Ta ni bàbá yìí ì bá ké sí?"

Ìyàwó kékeré yẹn ló sunkún jù. Òun wà láyé, ó tún bímọ, ó darúgbó.

Èmi náà ti darúgbó báyìí. Ìyàwó ọmọ mi ọkùnrin kú láìpẹ́ yìí, ọmọ náà ò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Àwọn aládùúgbò ń yìn ín pé ọkùnrin gidi ni. Ìyìn yẹn ń já mi láyà. Mo gbé ẹní mi lọ sí yàrá rẹ̀, mo tẹ́ ẹ, mo dùbúlẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ padà sí yàrá yín, kò sí nǹkan." Mi ò dìde.