Egbò Ló Pa Ìyá Abẹ́rẹ́, Kì í Ṣe Ọjọ́ Orí

Ìyá Abẹ́rẹ́ kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀, nínú yàrá tó ti ń sùn láti nǹkan bí ogójì ọdún. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni. Àwọn tó wá kí wa ń sọ pé ká dúpẹ́, pé ó dàgbà, pé ó fọwọ́ rọrí kú. Èmi náà ń dáhùn pé ẹ ṣeun, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n Ìyá Abẹ́rẹ́ kò fọwọ́ rọrí kankan. Egbò kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Dókítà tí a pè wá sílé ṣí aṣọ tó bò ó, ó yíjú sí wa, ó béèrè pé, "Ta ló ń tọ́jú màmá yìí?"

Gbogbo wa wolẹ̀. Èmi máa dá a lóhùn lónìí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni olóògbé. Nọ́ọ̀sì ni, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló sì fi gún àwọn ọmọ àdúgbò wa lábẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Kò sí ọmọ tí kò sá fún un rí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìyá tí kò gbé ọmọ náà padà wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sọ́dọ̀ wa, ẹ ká apá aṣọ yín sókè kẹ́ ẹ wo apá òsì. Àpá ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń lọ tí wọ́n bá ti lu agogo pé ká máa lọ sílé. Màá jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, màá máa wò ó. Aago kékeré kan máa ń wà nínú àpò aṣọ funfun rẹ̀. Bí aago yẹn bá ti dún, ìbáà jẹ́ òkèlè ló wà lẹ́nu rẹ̀, á dìde. "Ẹ yí wọn padà!" Ohùn rẹ̀ á gba gbogbo wọ́ọ̀dù kan. "Wákàtí méjì-méjì, ẹ yí wọn padà! Ṣé àpò sìmẹ́ńtì lẹ gbé kalẹ̀ níbẹ̀ ni?" Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan ní kí àwọn jẹ́ kí baba kan tó ń sùn sinmi díẹ̀ ná. Ìyá ní, "Òun ló ń sùn. Egbò kì í sùn ní tiẹ̀." Wọ́n yí baba náà padà.

Obìnrin yìí ni egbò ìdùbúlẹ̀ pa. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, bóyá ẹnì kan ń kánjú kà á: obìnrin yìí, nínú gbogbo ènìyàn tó wà láyé, ni egbò ìdùbúlẹ̀ pa.

Lọ́dún tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú un lápá kan. Ó ní òun ò lọ sílé àwọn arúgbó, ilé òun ni òun máa wà. Ta wá ni yóò máa bá a gbé? Ọmọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ń ṣiṣẹ́ nílùú mìíràn. Èmi ń sáré kiri nídìí iṣẹ́ ìròyìn. Oníkálùkù bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà bí ẹni pé àjà ló máa yọ̀ǹda ara rẹ̀. Bí a ṣe wá ilé-iṣẹ́ tó ń rán olùtọ́jú wá gbé lọ́dọ̀ àgbàlagbà nìyẹn.

Alábòójútó wọn wá, bàtà rẹ̀ ń dán, ohùn rẹ̀ tutù. A jókòó yí tábìlì ká, a ń da ìbéèrè bò ó. Ṣé obìnrin náà mọ́ tónítóní? Ṣé ó mọ oúnjẹ sè? Ṣé kì í yí tẹlifíṣọ̀n sókè jù? Ẹ̀gbọ́n mi tiẹ̀ béèrè bóyá ó máa ń hanrun. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má mikàn. Tọ̀sán-tòru ló máa wà lọ́dọ̀ wọn." Gbogbo ohun téèyàn ń bi ayálégbé la bi í. A ò béèrè bóyá wọ́n á tún fún un ní ẹlòmíì tọ́jú. Ta ló máa ronú kan irú ìyẹn?

Olùtọ́jú náà dé, obìnrin tó ti lé láàádọ́ta ọdún, ọwọ́ rẹ̀ le, ọkàn rẹ̀ rọ̀. Ìyá fún un ní aago, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yíni padà láìfa awọ ara. Inú wa dùn débi pé lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀gbọ́n mi kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n ti fi gíláàsì bo lẹ́tà yẹn, wọ́n gbé e kọ́ ara ògiri ibi tí wọ́n ti ń gbàlejò. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Lóṣù kẹta, ẹni tó ń tọ́jú bàbá kan lójúlé kejì sí tiwa fiṣẹ́ sílẹ̀. Alábòójútó sọ fún olùtọ́jú wa pé kó máa "yọjú" síbẹ̀. Ẹ gbọ́ irú yíyọjú tí à ń wí: láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́. Wákàtí mẹ́jọ gbáko ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú ilé òfìfo.

Obìnrin náà kò sì panu mọ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ojoojúmọ́ tó ń bẹ lórí tábìlì: "Mo wà nílé kejì. Kò sẹ́ni tó yí màmá padà. Ẹ̀yìn wọn ti ń pọ́n." Ojú ewé mẹ́rin ló kọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, alábòójútó dé, ó kà á, ó ya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní kó tún un kọ. "Ẹbí máa ń ka ìwé yìí. Má kó wọn láyà sókè." Ó kọ́ ọ ní ohun tó máa kọ: "Màmá wà dáadáa." Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti fi fóònù ya fọ́tò ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n ti wà lọ́wọ́ mi báyìí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọjọ́bọ̀. Gbogbo ọjọ́bọ̀ ni alábòójútó máa ń pe Ìyá lórí fóònù. "Màmá, ṣé àlàáfíà ni? Ṣé wọ́n ń tọ́jú yín?" Ìyá á ní, "A dúpẹ́ o. Ẹ kú àájò. Ọlọ́run á tọ́jú tiyín náà." Òun á wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé màmá kò ráhùn. Ẹ gbà mí o! Àgbà wo lọ́dọ̀ wa ni àlejò kí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka egbò ara rẹ̀ fún un? Bí ilé ń jó lórí wọn, "a dúpẹ́" ni wọ́n á kọ́kọ́ fi dáhùn. Ọmọ ilẹ̀ wa ni alábòójútó, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìbá bi í pé, "Màmá, aago mélòó ni wọ́n yí yín padà lónìí?", ìbá gbọ́ òótọ́. Torí náà ni kò ṣe béèrè.

Èmi náà ńkọ́? Ìbéèrè ni mò ń béèrè jẹun. Ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́ ni mò ń pe Ìyá, mò ń gbọ́ "a dúpẹ́", mo sì ń gbé fóònù sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Lọ́jọ́ Rú kan tí wọ́n sún ìpàdé ibi iṣẹ́ wa síwájú, mo yà síbẹ̀ lọ́sàn-án láìsọ fẹ́nì kan. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ aago náà. Ó ń dún, ó ń dún, kò sẹ́ni tó pa á. Ìyá kọjú sí ògiri.

"Ìyá, olùtọ́jú dà?"

"Ó ń bọ̀. Má pariwo. Wọ́n ní kó lọ ni. Tó o bá fẹjọ́ ẹ̀ sùn, wọ́n á lé e, ó sì lọ́mọ nílé ìwé."

"Ìyá, ẹ̀yin! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ gbogbo ayé ní wákàtí méjì-méjì!"

"Mo mọ̀. Mò ń kà á. Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń gbóòórùn ẹ̀. Ó ti wọ eegun, ọmọ mi."

Lálẹ́ ọjọ́ náà la pe dókítà tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ọjọ́ kẹtàlá lẹ́yìn náà ló kú.

Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn. Abẹ́ lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi ni alábòójútó jókòó sí, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́. Nínú àkọsílẹ̀ wa, màmá kò ráhùn rí. Ọjọ́ orí ni, ẹ fara balẹ̀." Ó ní àwọn ti lé olùtọ́jú náà dànù. Wọ́n lé ẹni tó kọ òótọ́ sílẹ̀, ẹni tó ya òótọ́ ń mu kọfí.

Àwọn tó wá kí wa ní kí n foríjì. Mi ò foríjì. Mo fẹ́ kí alábòójútó yìí dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti aago mẹ́jọ di aago mẹ́rin, ọjọ́ kan péré, kẹ́nì kan máa pè é láti ibi tó jìn pé ṣé àlàáfíà ni. Àwọn ará ilé-iṣẹ́ náà rò pé ẹni tí kò lẹ́nu ni àwọn fìyà jẹ. Ẹni tó gbé adìyẹ òtòṣì, ti aláròyé ló gbé. Èmi ni aláròyé náà, mo sì ní ojú ewé kan nínú ìwé ìròyìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀yin ilé-iṣẹ́ náà, ẹ sọ lẹ́tà wa kalẹ̀ lára ògiri yín. Ẹ dárúkọ ẹni tó ní kí ènìyàn kan máa tọ́jú ilé méjì. Ẹ kọ ọ́ síwèé, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i, pé olùtọ́jú yẹn kò jẹ̀bi. Ẹ̀yin aláṣẹ tẹ́ ẹ fún wọn níwèé àṣẹ, fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà lórí tábìlì yín láti àná. Ẹ má sọ pé ẹ ò rí i.

Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, ilé-iṣẹ́ yìí kan náà fẹ́ mú olùtọ́jú mìíràn wọ ilé télọ̀ tó wà nísàlẹ̀ òpópónà wa, torí bàbá rẹ̀ kò lè rìn mọ́. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fún un, ó sunkún. "Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n ṣe? Àwọn nìkan ló wà nítòsí." Mo bá a lọ sílé. Èmi àtòun yí bàbá náà padà, a wo ẹ̀yìn rẹ̀, a wo ìbàdí rẹ̀, a wo gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Kò sí egbò kan ṣoṣo. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo kọ déètì sí i, télọ̀ náà fọwọ́ sí i.

Alábòójútó, bí a ṣe fi bàbá náà lé ọ lọ́wọ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ gan-an la ó ṣe gbà á.