Ìrun Márùn-ún Kò Tó Yí Yẹ̀kínì

Látìgbà tí Yẹ̀kínì káfíńtà ti já bọ́ láti orí òrùlé kan ní Òkè-Àgbè, tí ara rẹ̀ sì kú láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, Memunat ìyàwó rẹ̀ ló ń wẹ̀ ẹ́, tó sì ń yí i lórí bẹ́ẹ̀dì nílé wọn l'Ọ́kà. Nọ́ọ̀sì Mọ́júbọ́lá ti kìlọ̀ fún un n'Íkàrẹ́ pé bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá pẹ́ lójú kan, egbò á yọ. Ní wákàtí méjì-méjì ni kó máa yí i. Memunat ò nílò kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fóun: irú egbò yẹn ló pa Sàláwù, àbúrò bàbá rẹ̀.

Kò ní aago, fóònù ò sì tíì dé Àkókó nígbà náà. Ṣùgbọ́n mọ́sálásí wà lẹ́yìnkùlé. Ìgbàkígbà tí ládàánì bá ti pe ìrun, á yí ọkọ rẹ̀. Ọgbọ́n tó bá ojú rẹ̀ mu nìyẹn, ó sì ń fi í yangàn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bó ṣe ń wẹ̀ ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kan egungun ìdí ọkọ rẹ̀. Ibẹ̀ gbóná, ó le, ó sì dúdú ju ibi tó kù lọ. Ó sáré wọkọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́, ó sì mú nọ́ọ̀sì wá.

Nọ́ọ̀sì ò bú u. "Ìyá Tàwà, láti Àsùbáà dé Àìlà, wákàtí mélòó ni?"

Memunat ṣírò. Ó tó méje. Láti Ìṣáì dé Àsùbáà ńkọ́? Ó dorí kodò, omijé ń bọ́.

"Ẹ má sunkún. Awọ ò tíì là, ọpẹ́ ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ibẹ̀ sùn mọ́."

Zacchaeus, aládùúgbò wọn tó jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà, gbọ́. Ó gbé aago rẹ̀ tó máa ń dún wá fún wọn, ó ní bí Memunat bá ti lọ sọ́jà, yíyí Yẹ̀kínì láàárọ̀ di tòun.

"Bàbá Tàwà, mo wá pe ìrun o!" ló máa ń wí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ládàánì Áńgílíkà," Yẹ̀kínì á dáhùn, "wọlé, kó o yí mi."

Ní ọjọ́ kejìlá tí aago náà dé, Memunat tún fọwọ́ kan ibẹ̀. Ó tutù, ó rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ṣé ó ti san ni?" Yẹ̀kínì bi í. "Èmi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀ o. Ojú rẹ ni mò ń wò."

"Alihamudulilahi, ó ti san."

Yẹ̀kínì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìyá Tàwà, o ṣé. Ọwọ́ rẹ yìí ni mo fi ń mọ ara mi."