Tíì Tí Kò Ní Ṣúgà

Ìyàwó mi gbé ata ilẹ̀ àti kànáfùrù kaná láàárọ̀ yìí, òórùn rẹ̀ sì gbé mi padà sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní àdúgbò Custom, ní Maiduguri, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn ń jó páànù orí wa.

Ìyá mi gbé fúláàsì tíì tó fi ata ilẹ̀ àti kànáfùrù sè wá, bó ṣe máa ń ṣe. Bàbá mi fẹnu kàn án, ó fajú ro.

"Ìyá Ràmọ́, ṣúgà dà?"

"Kò sí ṣúgà nílé wa mọ́."

Mo ṣebí ó tán ni. Mo sáré lọ yọjú sọ́dọ̀ mai shayi, ẹni tó ń ta tíì ní iwájú wa, mo sì sáré padà.

"Baba, akwai sukari! Ṣúgà wà! Tiwọn kún inú agolo!"

Ìyá mi wò mí, mo panu mọ́.

"Ṣé èmi nìkan lo fẹ́ fìyà jẹ ni?" Bàbá mi ló bi í bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi, obìnrin tó máa ń rún ṣúgà oníhóró bí ẹní ń jẹ ẹ̀pà bu tíì kíkorò náà sí kọ́ọ̀pù tirẹ̀, ó mu ún tán, kò fajú ro rárá. Bàbá mi wò ó títí, ó wá gbé tirẹ̀ mu.

Láti ọjọ́ náà, mi ò rí ṣúgà lẹ́nu ìyá mi mọ́. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé bàbá mi nìkan ló ní àtọ̀gbẹ.