Ẹsẹ̀ Òsì

Ní agbègbè wa, kò sí mẹkáníìkì tó máa jókòó ka orúkọ gbogbo irin abẹ́ ọkọ̀ fún ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣọ́ọ̀kì ni o, sípíríǹgì ni o, rọ́bà ni o, irin gbọọrọ tó so táyà ọ̀tún mọ́ tòsì, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀ pátá. Bí ọkọ̀ bá ń dún kò-kò-kò nínú kòtò, wọ́n á ní ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Bí wọ́n bá tún un ṣe tán, wọ́n á ní àwọn ti ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ń pè é, n kò sì rò ó rí pé ọ̀rọ̀ náà lè ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá.

Tíṣà ìṣirò ni mí ní Ilora, ṣùgbọ́n Fiditi ni ilé wa. Bàbá mi ló ni ọkọ̀ tí mo ń wà. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa ọkọ̀ èrò láàárín Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, ó ra ọkọ̀ pupa kékeré kan fún ìgbádùn ara rẹ̀. Àtọ̀gbẹ ló gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní òun kì í mọ̀ mọ́ bóyá orí búrékì ni ẹsẹ̀ òun wà tàbí ilẹ̀ ọkọ̀. Awakọ̀ mélòó ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ kó tó di pé ó pa èèyàn?

Nígbà ọyẹ́, ó gbé omi gbígbóná kalẹ̀ láti fi ṣe àlùwàlá àsùbáà. Ó ti ẹsẹ̀ òsì bọ inú omi náà, kò mọ nǹkan kan. Èmi ni mo rí awọ tó ń ṣí kúrò lára ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ di egbò. Dókítà tí a lọ bá ní Ìbàdàn sọ ọ́ fún àwa méjèèjì láìfi bọpo bọyọ̀: bí a bá ń wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ kí wọ́n máa nu ún, egbò náà á jinná. Bí a bá fi ṣeré, wọ́n á gé ẹsẹ̀ náà. Ìgbà tí a délé ni Bàbá sọ fún mi pé, "Ọ̀rọ̀ gígé yẹn, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ nínú ilé yìí mọ́."

Mo ní n kò ní sọ ọ́.

Bí ọkọ̀ náà ṣe di ọkọ̀ ilé ìwòsàn nìyẹn, ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tí mo ń gba àyè níbi iṣẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú, ọkọ̀ eré ni. Oko ńlá kan wà lẹ́yìn Jobele tí àwọn tó ni ín ti pa tì, ọ̀dà tí wọ́n dà yí i ká ṣì wà níbẹ̀, ó ń dán. Àwa bíi mẹ́wàá máa ń pàdé níbẹ̀, a ó to ògbólógbòó táyà sí àwọn igun, ọkọ̀ kan á sáré lẹ́ẹ̀kan, a ó máa fi aago wò ó. Mo ti lé lógójì ọdún, ẹ má bú mi. Ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ó yẹ kó ní ibi tó ti máa pariwo.

Èmi ni mo máa ń gbẹ́yìn. Ọkọ̀ Bàbá rọ̀ jù. Bí mo bá yà sí ọ̀tún, gbogbo ara rẹ̀ á fì sí òsì bí ẹni tó ń sùn lọ, bí mo bá tẹ búrékì, imú rẹ̀ á dojú kọ ilẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi á ní, "Tíṣà, ṣé ẹrù iṣu lẹ kó sẹ́yìn ni?" Mo ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí gan-an.

Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì tó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ìgbà tí Bàbá ṣì ń wà á, ní Ilora. Ó jù mí lọ ní ọdún mẹ́wàá, kì í sì í yára sọ̀rọ̀. Ó gbé ọkọ̀ sókè, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èkíní, kí a fi sípíríǹgì sílẹ̀ bó ṣe wà, kí a pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì àti àwọn rọ́bà tó ti jẹ, kí a sì fi irin tó ki sí i láàárín ẹsẹ̀ ọ̀tún àti tòsì. Ọkọ̀ kò ní fì mọ́, ara Bàbá á sì balẹ̀ nínú rẹ̀. Èkejì, ṣọ́ọ̀kì kan wà tó ní ohun yíyí lórí: bí mo bá ń lọ sí eré, kí n yí i kó le, bí mo bá fẹ́ gbé Bàbá, kí n yí i kó rọ̀. Èkó la ti máa rí i, yóò sì tó oṣù méjì kó tó dé. Ó mú àkísà, ó ń nu ọwọ́.

"Ẹ̀kẹta ńkọ́?"

"Èyí táwọn ọmọdé ń ṣe. Ká gé sípíríǹgì. Á kúrú, á le, ọkọ̀ á sún mọ́lẹ̀. Lójú ọ̀dà yín lọ́hùn-ún, á dáa. Lójú títì Ìbàdàn, ẹ̀yìn ẹni tó bá wà nínú ẹ̀ ló máa gba gbogbo kòtò tó bá wà lọ́nà, torí ṣọ́ọ̀kì ò ní ráàyè ṣiṣẹ́ ẹ̀. Ohun tá a bá sì ti gé, Tíṣà, kò ṣeé lẹ̀ mọ́. Ẹ lọ bi Bàbá léèrè."

N kò bi Bàbá. Mo mọ̀ pé kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayùn kan ọkọ̀ òun. Eré ńlá sì ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, àwọn èèyàn ń bọ̀ láti Ìbàdàn, n kò lè dúró de ohun tó ń bọ̀ láti Èkó, ọ̀nà àkọ́kọ́ sì dà bí ọ̀nà arúgbó lójú mi. Ojú kòkòrò ni, n kò ní orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo pe mẹkáníìkì lórí fóònù, ní ọ̀sán, bí mo ṣe ti ilé ìwé dé. Ẹ̀gbẹ́ ilé ni mo dúró sí, lábẹ́ fèrèsé. Mo rò pé Bàbá ti lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo lè ka gbogbo ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà láì fo ọ̀rọ̀ kan:

"Ọ̀gá, mo ti pinnu. Ẹ gé e. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹsẹ̀ náà ti gbó, kí la tún fẹ́ máa pa kúbẹ́kúbẹ́ sí? Tòsì ló burú jù, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Rárá o, ẹ má sọ fún Bàbá. Bí wọ́n bá mọ̀, wọn ò ní gbà. Tẹ́ ẹ bá ti gé e tán, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe sí i?"

Nínú gbogbo rẹ̀, n kò dárúkọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bí mo ṣe pa fóònù, ẹnì kan wúkọ́ nínú yàrá. Mo ní, "Bàbá, ẹ wà ńlé ni?" Ó ní òun wà nílé. Ohùn rẹ̀ ṣe bákan, mo rò pé oorun ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó pè mí síwájú ilé. Ó jókòó sórí ẹní, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wọ ìbọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ooru sì ń mú.

"Ṣé dandan ni kẹ́ ẹ gé e?"

Mo rò pé ọ̀rọ̀ sípíríǹgì ló gbọ́. Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Mo fẹ́ wá sọ fún yín tẹ́lẹ̀ ni."

"Ṣé dandan ni, mo ní?"

"Ó ti gbó, Bàbá. Ẹ̀yin náà mọ̀. Bó ṣe wà yìí, kò lè gbé wa débì kankan."

Ó ka tẹ̀sùbáà díẹ̀. "Ọ̀gá tó máa gé e yẹn, ṣé ọwọ́ ẹ̀ dáa?"

"Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ẹ̀ dáa."

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́bọ̀, Bàbá."

Ó mi orí. "Ó dáa. Ọlọ́run ló ni gbogbo ẹ̀."

Inú mi dùn, kí n má parọ́. Mo sọ nínú ara mi pé àgbà ti dé sí bàbá mi, ẹni tó ń pariwo lé wa lórí nítorí pé a ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ gbà, òun ló ń fọwọ́ wọ́nú yìí. Mo sùn dáadáa.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ẹní wà nílẹ̀, Bàbá kò sí lórí rẹ̀. Ará ilé kejì ní òun rí i tó gun ọ̀kadà, ó sì gba ọ̀nà Imini lọ. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń dáko níbẹ̀, Ìyá Imini ni a máa ń pè é. Mo pè é. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá wà lọ́dọ̀ òun, Bàbá sì sọ pé òun fẹ́ sinmi, wọ́n á máa bá òun nu ẹsẹ̀ ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà lọ́hùn-ún. Dókítà ti sọ ohun tó sọ, mo sì gbọ́ ọ. Ó yẹ kí n wọ ọkọ̀ nígbà náà, kí n lọ gbé e. Ṣùgbọ́n a kò lọ Ìbàdàn mọ́, ọkọ̀ wà lọ́wọ́ mi láti àárọ̀, àyè sì ṣí sílẹ̀ fún mi. Mo gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ nítorí pé ó bá mi lára mu.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti gé e. Mẹkáníìkì fi ẹ̀rọ ayùn lé irin, iná ń ta, òórùn irin tó jóná gba gbogbo àgbàlá. Ó kó òrùka irin méjì tó já bọ́ lé mi lọ́wọ́, wọ́n ṣì gbóná. Ó ní, "Bàbá gbà?" Mo ní, "Bàbá gbà." N kò mọ̀ pé irọ́ ni.

Kò sí ohun tó dùn tó ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ náà dìrọ̀ mọ́ ilẹ̀. Bí mo bá yí ìdarí, ó ti yà kí n tó rò ó tán. N kò gbẹ́yìn mọ́, àwọn tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ń béèrè ohun tí mo ṣe sí i. Mo ń pe Bàbá lórí fóònù, á ní àlàáfíà ni, á sì pa á kí n tó béèrè ìkejì.

Ọ̀sẹ̀ kẹta kò tíì pé nígbà tí Ìyá Imini pè mí ní kùtùkùtù.

"Ọmọ mi, wá gbé bàbá ẹ. Ó ní kí n má pè ọ́ o. Látìgbà tó ti dé, orí ìbọ̀sẹ̀ ló ń fọwọ́ pa tó bá ń ṣe àlùwàlá, kò jẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ ọ̀hún, kò sì débi tí wọ́n ti ń nu ún rí. Lánàá, ó ń bi àáfà pé ẹni tí ò lẹ́sẹ̀, báwo ló ṣe máa ń dìde kírun. Èmi ń gbóòórùn ẹ̀ látinú ọ̀dẹ̀dẹ̀."

Ọ̀nà Imini kò bá ọkọ̀ tí a ti gé sípíríǹgì rẹ̀ rẹ́. Ikùn rẹ̀ ń ha ilẹ̀ ní gbogbo ibi tí àgbàrá ti la ọ̀nà. Nígbà tí mo dé ọ̀hún, wọ́n ti jó tùràrí, òórùn kejì sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹran ara, omi ni a fi rẹ ẹ́ kó tó ṣí. Ẹsẹ̀ náà ti dúdú dé ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo fẹ́ sá kúrò nínú yàrá. Bàbá kò wò mí lójú. Mo gbé e sí iwájú ọkọ̀, kò wúwo mọ́.

A ń lọ, kòtò ń gbé wa jù. Kòtò àkọ́kọ́ kọjá, ìkejì kọjá. Ní ìkẹta, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé iwájú ọkọ̀, bí ẹni tó ń fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná.

"Ta ló gé sípíríǹgì ọkọ̀ yìí?"

"Èmi ni, Bàbá. A ṣáà ti sọ ọ́."

"Ìgbà wo la sọ ọ́?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Tẹ́ ẹ bi mí pé ṣé dandan ni ká gé e."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé mi, ọ̀nà ni mo ń wò. A jáde sí títì, a kọjá ní Fiditi, níbi tí àwọn ọlọ́sàn to ọsàn sí lẹ́bàá ọ̀nà, kí ó tó tún lanu.

"Ẹsẹ̀ ọkọ̀," ni ó wí.

Ìgbà náà ni gbogbo ohun tí mo sọ lábẹ́ fèrèsé padà wá sí etí mi, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni." Mo rọra ń wà á. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà le, kò mọ ẹni tó ń rọra. Gbogbo kòtò tó wà títí dé Ìbàdàn ló kan egungun rẹ̀, kò sì kùn.

Dókítà wò ó, ó ní kò sí ohun tó kù láti nù. Abẹ́ orúnkún ni wọ́n á ti gé e, kí ó má baà gba ẹ̀mí rẹ̀. Ó béèrè ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé. Bàbá fi àgbọ̀n tọ́ka sí mi.

"Ẹ fún ọmọ mi. Òun ló ti kọ́kọ́ ní kí wọ́n gé e."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ì bá bínú, ara ì bá tù mí. Mo fọwọ́ sí i.

Mo ti ra sípíríǹgì mìíràn fún ọkọ̀ náà. Ìdajì ọjọ́ kan ni mẹkáníìkì fi dè é, n kò sì dé ẹ̀yìn Jobele mọ́, eré ńlá náà kò bá mi níbẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo máa ń gbé Bàbá lọ sí mọ́ṣáláṣí, ọ̀pá méjì rẹ̀ á wà lẹ́yìn. Bí a bá ti kọjá kòtò tó wà níwájú ilé ìwé, ó máa ń sọ pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ yìí ti dáa báyìí. Èmi á ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.