Omi Gbígbóná Lórí Ikùn Láwùmí

Láwùmí ń ta léèsì ní Gbági, ní Dùgbẹ̀. Bódìjà ni ilé rẹ̀. Kàdúná ni Ògúntúndé, ọkọ rẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún Àjíǹde àti Kérésìmesì nìkan ló ń wálé. Àwọn ọmọ wà nílé ìwé tí wọ́n ń gbé.

Ní Àjíǹde ọdún 1986, Ògúntúndé wò ó bó ṣe ń gbé oúnjẹ bọ̀. Ó ní, "Ìyá Rónkẹ́, ikùn rẹ ti ń ṣáájú rẹ wọlé." Ó rẹ́rìn-ín. Láwùmí náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Nígbà tí ọdún ń parí lọ, ó lọ ra ọjà ní Lọ́ńdọ̀nù, bó ti máa ń lọ. Níbẹ̀, dókítà kan ti ọ̀pá oníhò tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ikùn rẹ̀, ó fi fa ọ̀rá jáde. Láwùmí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ kí ikùn náà ti tẹ́ kí ọkọ òun tó dé ní Kérésìmesì, kí ó má sì mọ ohun tí òun ṣe.

Dókítà ní yóò kọ́kọ́ wú. Ó wú. Ó dúdú, ó sì ń pọ́n bí òróǹró. Ó le níbì kan, ó rọ̀ níbòmíràn. Tọ̀sán tòru ni ìgbànú rọ́bà fífẹ̀ tí dókítà fún un wà lára rẹ̀. Bí ó bá fọwọ́ kan ikùn náà, kò mọ̀ ọ́n lára, bí ẹni fọwọ́ kan ara ẹlòmíràn ni. Kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ibà ń ṣe òun. Àwọn tó wá kí i, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti ń dá wọn lóhùn. Orí ìdúró ló ti ń jẹun.

Ìyá ọkọ rẹ̀, Àbẹ̀ḿbí, kàn dé láti Ṣakí lọ́jọ́ kan. Láwùmí fẹ́ kúnlẹ̀ kí i. Ìgbànú kò jẹ́. Ó há sí agbedeméjì, ó di ilẹ̀kùn mú.

"Ṣé wọ́n gba orúnkún lọ́wọ́ rẹ ní Lọ́ńdọ̀nù ni?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ara mi kò yá."

Màmá wò ó. Ó rí ikùn tó wú. Ó rí ìgbànú lábẹ́ ìró. Ojú rẹ̀ yí padà, ó fà á mọ́ra.

"Oyún Àjíǹde ló bà jẹ́, àbí? O wá pa á mọ́ra. Ìwọ nìkan."

Láwùmí la ẹnu. Láti ọjọ́ tó ti dé, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Màmá sunkún. Lẹ́yìn náà ó gbé omi kaná, bí a ti ń ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó ní kí Láwùmí dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó tú ìgbànú. Ó ri aṣọ ìnura bọ omi, ó fún un, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ikùn.

"Ṣé kò jó ọ?"

"Rárá, Màmá."

"Akin ni ọ́! Nígbà tí mo bí ọkọ rẹ, díẹ̀ ló kù kí n gbá ìyá mi létí."

Láwùmí rẹ́rìn-ín. Màmá tún bu omi tó ń hó kún un. Ó ń kọ orin ìjọ wọn lábẹ́lẹ̀. Láwùmí pa ojú dé, kò fẹ́ kó tán.

Nígbà tí Màmá gbé aṣọ kúrò, ara ti lé ròrò. Awọ bá aṣọ wá níbì kan.

"Yéè! O ò pariwo!"

"N kò mọ̀ pé ó gbóná, Màmá."

"Omi tó ń bó èmi lọ́wọ́?"

Ìgbà náà ni Láwùmí sọ gbogbo rẹ̀.

Màmá jókòó sílẹ̀.

"O jẹ́ kí n sunkún ọmọ tí kò sí."

Ó fi oyin pa egbò náà. Àràárọ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀. Kò kọrin mọ́.

Ògúntúndé dé ní Kérésìmesì, ó rí egbò. "Kí ló jó ọ báyìí?"

Láwùmí fa ìró bò ó.

"Èmi ni," Màmá dáhùn. "Inú ń run ún, mo fi omi gbígbóná jó o. Ọwọ́ mi ló wúwo."

"Ẹ̀yin ìyá yìí! Ẹ ò bá kúkú bó o bí adìẹ!"

Màmá gba ìbáwí náà. Kò wo ojú Láwùmí.

Ògúntúndé kò sọ̀rọ̀ ikùn títí ọdún fi kọjá, bóyá ó tóbi, bóyá ó kéré. Egbò nìkan ló ń béèrè.

Lẹ́yìn ọdún, Màmá fẹ́ wọ ọkọ̀ Ṣakí ní gárèjì Ṣàngó. Láwùmí ní òun yóò sìn ín débẹ̀.

"Jókòó sílé," Màmá ní. "Ọmọ mi yóò gbé mi."

Wọ́n lọ.