Ẹ̀rọ Tí Gbénró Fi Ebi Kọ́

Ní Ìbàdàn tí Gbénró ti kàwé, iná lè lọ lọ́jọ́ Ajé kó má dé títí di Ọjọ́bọ̀. Bátìrì láptọ́ọ̀pù nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ gbójú lé. Gbénró bá wọ inú kánẹ̀lì lọ, ìyẹn ọ̀gá tó ń pàṣẹ fún gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ó dín eré ọpọlọ ẹ̀rọ náà kù, ó sì dín agbára iná tó ń jẹ kù. Bátìrì wákàtí méjì wá ń lo wákàtí márùn-ún.

Ó dé Glyndon Estate lókè òkun tó ti lọ kàwé sí i, níbi tí iná kì í ti í lọ, kò yí i padà. Àwa náà kọ́ nìyí? Iná ń tàn yòò, a ṣì ń ṣọ́ ọ lò.

Físà akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ilé-iṣẹ́ kan ṣèlérí pé àwọn yóò gbà á síṣẹ́, àwọn yóò sì gba físà tuntun fún un, bó bá lè yege ìdánwò kan: kó wá àṣìṣe inú kánẹ̀lì kan, kó sì tún un tò láàárín wákàtí méjì. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi rí àṣìṣe náà, inú rẹ̀ sì dùn. Ìtòjọ tó kù, ìyẹn kí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ tún kánẹ̀lì náà tò látòkèdélẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni. Àmọ́ ẹ̀rọ ń wọ́ bí ìgbín. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò tíì dé ìdajì.

Ìgbà yẹn ló tó rántí ohun tó ṣe nÍbàdàn. Ó sáré tú eré sílẹ̀ dé góńgó. Ìkánjú ò jẹ́ kó fi iná kún un, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ti ń kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ẹni tí yóò sáré gbọ́dọ̀ jẹun sí i. Ojú ẹ̀rọ ṣú dùdù. Kó tó tàn padà, àsìkò ti tán. Ó kọ̀wé bẹ̀ wọ́n, wọn kò gbà.

Auntie Adébísọ́lá, onílé rẹ̀, yọjú. "Gbénró, ṣé network ni? Ṣé kí n restart router?"

"Rárá, Auntie. Network yín dáa."

Ì bá wù ú kó jẹ́ network. Ì bá rí nǹkan bú.

Fóònù dún. Moráyọ̀ ìyàwó rẹ̀ ni, láti ilé. Ó ti ń gbààwẹ̀ láti àná nítorí ìdánwò yìí.

"Daddy Jọlá, ṣé ẹ ti finish? Ọlọ́run ti ṣe é, àbí?"

Ẹkún gbọ̀n ọ́n. "Ọlọ́run ṣe tirẹ̀, Moráyọ̀. Èmi ni mo bà á jẹ́."