Gbogbo Ẹbí Píà

Ọjọ́ tí ọmọ mi kọ́kọ́ jẹ píà, ní àdúgbò Kakpagyili, kò tíì jẹ ẹ́ tán tí ètè rẹ̀ fi wú, tí èémí rẹ̀ sì ń han. Ọlọ́run ló yọ wá. Dókítà ní kó má fẹnu kan píà mọ́ láé. Píà nìkan ló dárúkọ o. Èmi ni mo fi ìyókù kún un.

Olùkọ́ bàyọ́lọ́jì ni mí ní Choggu. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n má fi ojú ewé mọ ẹbí igi, òdòdó ni kí wọ́n wò. Ti ẹbí píà, mẹ́ta-mẹ́ta ni ẹ̀yà rẹ̀ ń tò, àpò lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ sì ní ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí sókè. Bẹ́ẹ̀ la ṣe mọ̀ pé sínámọ́nì inú tíì, ẹbí píà ni. Béélíìfù tí à ń jù sínú ìrẹsì, ẹbí rẹ̀ ni. Kódà okùn tín-ín-rín kan tí kò léwé, tó ń lọ́ mọ́ igi olóore, tó sì ń fa oje igi náà mu, ẹbí wọn ni. Ilé ńlá kì í ṣàìní ọ̀lẹ.

Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Mo lé gbogbo wọn jáde nílé ìdáná mi.

Ilé ìyá ọkọ mi ní Moshie Zongo ló wá le. Inú àwo kan ni gbogbo ọmọ agboolé yẹn ti ń jẹun, Ìyá kì í sì í se ìrẹsì láìsí béélíìfù. Oúnjẹ ọmọ mi ni mò ń gbé dání lọ. Á jókòó tì mí, á máa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ń dùn mí.

“Haba, ìyàwó,” ni Ìyá wí lọ́jọ́ kan, “ṣé májèlé ni mò ń sè ni?”

“Rárá o, Ìyá. Ewé yẹn àti paya, ẹbí ni wọ́n.” Paya ni wọ́n ń pe píà níbẹ̀.

“To. Bí ẹnì kan bá jalè nínú ilé, ṣé gbogbo ilé la ó kó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá?”

Mo ṣí abọ́ oúnjẹ tí mo gbé wá, mo gbé e síwájú ọmọ mi.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, a wà nílé Ìyá, mo jáde lọ gba ìpè fóònù. Nígbà tí mo wọlé, ọmọ mi ti wà nídìí àwo, ó ń lá ewé béélíìfù. Mo gbá a mú, mo gbétí lé àyà rẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ti gbé máṣíìnì rẹ̀ jáde láti fi gbé wa lọ sí ọsibítù, Ìyá ń ṣàdúà. A dúró títí. Ètè kò wú. Èémí kò han.

“Mààmi, ẹ ń fún mi mọ́ra jù.”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Ìyá kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ kejì dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ewé yẹn kò ṣe é ní nǹkan kan, píà ni ká máa sá fún. Ara tù mí débi pé mo sùn lọ́sàn-án gangan.

Nígbà tí a tún lọ kí Ìyá, ọmọ mi lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kó tó fọwọ́ kan oúnjẹ, ó gbójú sókè wo ìyá àgbà rẹ̀.

“Kaka, ṣé paya wà nínú ẹ̀?”

“Kò sí o, ọkọ mi. Jẹun.”

Àwọn tó wà nídìí àwo sì sún fún un.